Westport ní Írẹ́lándì: ibo ni a lè mú àgbàlagbà àti ọmọdé lọ ní etí òkun náà?

Ìyá Mubarak (Gwarinpa, Àbújá):

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, ẹ̀yin ará. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, èmi àti ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjì tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àti ìyá mi, Alhaja, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, yóò lọ kí àbúrò mi ọkùnrin ní Dublin nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Àbúrò mi ní kí a má ṣe lo gbogbo àkókò wa sí Dublin, pé kí a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Westport ní agbègbè Mayo, ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà, níbi tí òkun, òkè àti erékùṣù ti wà nítòsí ara wọn. Mo ti ka ohun púpọ̀ nípa ìlú náà, ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le, tí wọn kò sì kó ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀. Àwọn ibo ni Alhaja lè dé láìfi ara ni ín? Ǹjẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá lè gun òkè Croagh Patrick? Mo gbọ́ pé òkè ìjọsìn àwọn Kátólíìkì ni, èmi kò sì fẹ́ kí ìdílé Mùsùlùmí lọ da ìjọsìn ẹlòmíràn rú. Báwo ni ojú ọjọ́ ibẹ̀ ṣe máa ń rí ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ṣé a ó sì rí ẹran halal jẹ? Apá òsì ojú títì ni wọ́n ń gbà wa ọkọ̀ níbẹ̀, ọkọ mi sì ti sọ pé òun kò ní í dán an wò, nítorí náà ọkọ̀ èrò àti ẹsẹ̀ wa ni a gbójú lé.

Bàbá Plateau (Jos):

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, Ìyá Mubarak, ẹ bá wa kí Alhaja. Mo ṣiṣẹ́ ní agbègbè Mayo fún sáà kan kí n tó padà sí Jos, mo sì fẹ́ràn etí òkun yẹn gidigidi. Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣáájú ni pé kí ẹ sùn sí Westport ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá ní, kí ẹ má ṣe máa kó ẹrù láti ìlú kan dé òmíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú ọjọ́ òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ibi tí ẹ ó lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti orí òkun Atlantic bọ̀, àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn Írẹ́lándì ni ó ń kọ́kọ́ bá pàdé, ibẹ̀ ni ó sì ti ń sọ omi inú rẹ̀ kalẹ̀. Nítorí èyí, ní oṣù Keje pàápàá, òjò lè rọ̀ ní òwúrọ̀, kí oòrùn ràn ní ọ̀sán, kí òjò mìíràn sì tún dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ooru ọ̀sán kì í sábà ju ìwọ̀n Celsius 20 lọ. Òtútù Jos ní oṣù Kejìlá gbẹ, ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ ní omi nínú, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń gbé e wọ inú aṣọ. Rénkóòtù tí ó ní ìborí ni kí ẹ rà fún gbogbo yín, ẹ má ṣe gbára lé agboòrùn, nítorí afẹ́fẹ́ etí òkun yóò yí i padà sẹ́yìn.

Ọkọ̀ ojú irin yóò gbé yín láti ibùdókọ̀ Heuston ní Dublin, yóò sì dé Westport lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà irin náà parí sí. Inú ìlú fúnra rẹ̀ ni Alhaja yóò ti gbádùn jù lọ. Ìlú tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ ni, láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, odò Carrowbeg sì gba àárín rẹ̀ kọjá láàárín ògiri òkúta, pẹ̀lú igi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti afárá òkúta kéékèèké. Ìjókòó wà lábẹ́ àwọn igi náà, ọ̀nà etí odò sì tẹ́jú.

Láti ibẹ̀, ẹ lè rọra lọ sí Westport House, ilé ńlá kan tí ọgbà rẹ̀ fẹ̀ gan-an. Ẹ kọ́kọ́ wádìí apá tí ó bá ṣí sílẹ̀ ní àkókò tí ẹ bá lọ, nítorí wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe ilé náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tilẹ̀ wọ inú ilé, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Orí ìpìlẹ̀ ilé olódi ìdílé O'Malley ni wọ́n kọ́ ọ sí, ìdílé tí Gráinne, obìnrin alágbára ojú òkun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Grace O'Malley, ti jáde wá. Obìnrin yìí ń darí ọkọ̀ àti àwọn ọmọ ogun ní omi Clew Bay, apá òkun tí ó wà níwájú Westport. Ní ọdún 1593 ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ bá Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní sọ̀rọ̀ lójúkojú nípa àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n mú. Ìdílé Browne tí ó kọ́ ilé náà ní oko ńlá ní Jàmáíkà, níbi tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Howe Peter Browne, di gómìnà Jàmáíkà ní ọdún 1834, ọdún tí òfin ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì gbè sẹ́yìn àwọn tí a dá sílẹ̀ títí tí àwọn olóko fi kórìíra rẹ̀. Abúlé Sligoville ní Jàmáíkà, tí a mọ̀ sí abúlé àkọ́kọ́ tí a dá sílẹ̀ fún àwọn tí ó bọ́ lóko ẹrú níbẹ̀, orúkọ oyè rẹ̀ ni ó ń jẹ́, nítorí òun ni Marquess ti Sligo. Èmi kò rò pé ó yẹ kí ọmọ adúláwọ̀ rìn kọjá ní ẹnu ọ̀nà ilé yẹn láìmọ̀ pé òógùn àwọn baba ńlá wa wà lára owó tí wọ́n fi gbé e ró.

Fún àwọn ọmọ, ohun tí ó dára jù ní agbègbè náà ni Great Western Greenway. Ọ̀nà irin kan wà tẹ́lẹ̀ láti Westport lọ sí erékùṣù Achill. Wọ́n pa á tì ní ọdún 1937, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ti ẹlẹ́sẹ̀, tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣí ní ọdún 2010. Gígùn rẹ̀ ju kìlómítà 40 lọ. Nítorí pé ọkọ̀ ojú irin kò lè gun ibi tí ó ga jù, kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ líle lójú ọ̀nà náà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò sì gbọdọ̀ rìn lórí rẹ̀. Àwọn tí ń yá ènìyàn ní kẹ̀kẹ́ ní Westport yóò gbé yín pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lọ sí Mulranny tàbí Achill, kí ẹ lè gùn ún bọ̀ wá sílé, tàbí kí wọ́n wá gbé yín níbi tí ó bá ti rẹ̀ yín. Apá Mulranny sí Newport ni mo fẹ́ràn jù, nítorí omi Clew Bay wà lápá kan, òkè sì wà lápá kejì. Ẹ ní kí wọ́n fún ẹni tí kò bá lágbára tó ní kẹ̀kẹ́ oníbátìrì.

Ní ti Clew Bay, níbi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé erékùṣù 365 ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Bí iye náà kò bá tilẹ̀ pé bẹ́ẹ̀, ìdí tí wọ́n fi pọ̀ hàn kedere: yìnyín ńlá tí ó bo ilẹ̀ náà láyé àtijọ́ ni ó kó amọ̀ àti òkúta jọ ní òkìtì òkìtì, nígbà tí yìnyín sì yọ́ tí òkun kún, orí àwọn òkìtì náà nìkan ni ó kù lókè omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ọkọ̀ kan máa ń gbéra láti Westport Quay láti yí àwọn erékùṣù náà ká. Alhaja lè jókòó nínú rẹ̀ kí ó máa wo àwọn ẹran omi tí wọ́n ń pè ní síìlì bí wọ́n ṣe ń yá oòrùn lórí àpáta.

Ní ti òkè Croagh Patrick, bí èmi bá ni, n kò ní í kó ọmọdé gun un. Òkúta orí rẹ̀ kò dúró lójú kan, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì tó wọn í ṣeré.

Ẹ yá ilé tí ó ní ilé ìdáná dípò hòtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì ra ẹran halal ní Dublin kí ẹ tó kúrò. Ní Westport, ẹja tútù kò wọ́n. Ìlú Ballyhaunis, tí ọkọ̀ ojú irin yín yóò dúró ní, ní mọ́ṣáláṣí tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1987 nítorí ilé-iṣẹ́ ẹran halal tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà, bí ẹ bá fẹ́ kírun Jímọ̀ láàárín ìjọ. Ẹ sì múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àkókò ìrun: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, nítorí náà Mọ̀gàríbì pẹ́ gan-an, Ìṣáì sì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí Alhaja máa sùn díẹ̀ lọ́sàn-án.

Agunkè (Kubwa, Àbújá):

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá Plateau, mo sì fara mọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn pé kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá má gun Croagh Patrick. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń gun àwọn òkè Mpape ní òpin ọ̀sẹ̀ ti rí ọmọ tí ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ó gun òkè tí ó le, mo sì ti gun Croagh Patrick fúnra mi. Ohun tí ó yẹ kí a bi ọmọ náà ni bí ó bá wù ú, àti bí ó bá ti máa ń rìn jìnnà tẹ́lẹ̀.

Gíga òkè náà jẹ́ mítà 764, ẹni tí ó bá sì fi ojú Jos wò ó yóò rò pé kò tó nǹkan, nítorí ìlú Jos fúnra rẹ̀ ga ju orí òkè yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé ní Jos ti wà lókè kí ó tó gbéra, nígbà tí ó jẹ́ pé ní Murrisk, abúlé tí ọ̀nà òkè náà ti bẹ̀rẹ̀, láti etí òkun gan-an ni ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo mítà náà ni ènìyàn yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn. Apá kìíní tẹ̀ lé ìṣàn omi kékeré kan gòkè, ó sì dé ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú díẹ̀ ní èjìká òkè, níbi tí ẹ ó ti lè jókòó kí ẹ wo gbogbo Clew Bay nísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni orí ṣóńṣó òkè, tí ó le jù, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ tí ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, èyí tí Bàbá Plateau sọ. Ní àlọ àti àbọ̀, ìdílé tí kò bá sáré yóò lo nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Sísọ̀ kalẹ̀ ni ó ń dun orúnkún ju gígùn lọ, nítorí náà ọ̀pá ìtilẹ̀ ṣe pàtàkì fún gbogbo yín, bàtà tí ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ sì wọ̀.

Òfin kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ pa mọ́ nìyí: bí ẹ bá dé èjìká òkè tí ìkúùkù bo ṣóńṣó rẹ̀, ẹ padà sísàlẹ̀ láti ibẹ̀. Ibi tí ẹ dé yẹn ti tó, ìwòye tí ẹ bá lọ wá lókè kò ní í sí nínú ìkúùkù, afẹ́fẹ́ yóò sì máa le sí i. Nọ́ḿbà ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ní Írẹ́lándì ni 112 tàbí 999. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin méjì, bàbá àti ìyá, lè pín ara yín: kí ọ̀kan bá àwọn ọmọ gòkè, kí èkejì dúró ti Alhaja ní Murrisk, níbi tí ilé ìpanu wà nítòsí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà òkè.

Ọmọ Ìlọrin ní Kàdúná:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kátólíìkì ni mí, nítorí náà mo fẹ́ dáhùn apá tí Ìyá Mubarak béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ nípa ìjọsìn, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹ ronú kàn án. Ẹ lè gun òkè náà láìsí ìyọnu ọkàn. Gbogbo ènìyàn ni ń gùn ún, onígbàgbọ́ àti ẹni tí kò gba ohunkóhun gbọ́. Ṣáájú kí ẹ̀sìn Kírísítì tó dé Írẹ́lándì pàápàá ni àwọn ará ibẹ̀ ti máa ń gùn ún nígbà ìkórè. Ìtàn tiwa ni pé Patrick Mímọ́ gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lórí rẹ̀ ní ọ̀rúndún karùn-ún, ilé ìsìn kékeré tí ó wà lókè ṣóńṣó sì ti wà láti ọdún 1905. Ohun tí a ń retí lọ́wọ́ àlejò kò ju pé kí ó má pariwo nítòsí ẹni tí ń gbàdúrà.

Àmọ́ ẹ yẹra fún ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Keje. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní Reek Sunday, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì ń gòkè, tí àwọn mìíràn ń gùn ún láìwọ bàtà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, ọjọ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá mú ọmọdé dání láti wo òkun yóò rí i pé ọ̀nà ti dí jù, àwọn tí ń bọ̀ sì ń ta òkúta sí àwọn tí ń lọ. Fún àwa ọmọ ìjọ ní Nàìjíríà, òkè náà súnmọ́ wa ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ, nítorí Patrick yìí kan náà ni a yàn ní alábòójútó mímọ́ fún orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1961, àwọn fadá ará Írẹ́lándì sì wà lára àwọn tí ó mú ìjọ dúró ní Kàdúná àti Jos.

Ohun kan wà tí Bàbá Plateau kò mẹ́nu kàn, tí ó sì wà fún Alhaja gan-an. Ní Murrisk, lódìkejì ojú títì sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà òkè, ni ère ìrántí Ìyàn Ńlá Írẹ́lándì wà. John Behan ni ó fi idẹ ṣe é, Ààrẹ Mary Robinson sì ṣí i ní ọdún 1997. Ọkọ̀ ojú omi olópòó mẹ́ta ni, egungun ènìyàn sì ni ó wà lára rẹ̀ ní ipò okùn àti ìgbòkun. Láti ọdún 1845 ni àrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ànàmọ́ tí àwọn tálákà ń jẹ. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, ju mílíọ̀nù kan lọ sì wọ ọkọ̀ jáde, tí ọ̀pọ̀ wọn kú sójú òkun. Agbègbè Mayo wà lára àwọn tí ó jìyà náà jù lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, òkun wà níwájú, àwókù ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti Murrisk tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1457 sì wà nítòsí. Mo jókòó pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí i tí ebi àti ogun lé ènìyàn kúrò ní ilé wọn ní apá àríwá níbí kò ní í nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ère náà fún un.

Ìyá Mubarak (Gwarinpa, Àbújá):

Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san rere, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ka ìdáhùn yín sétí ìgbọ́ Alhaja, ọ̀rọ̀ Gráinne ni wọ́n sì ní kí n tún kà. Ọkọ mi yóò bá àwọn ọmọ gòkè dé èjìká òkè, bí ojú ọjọ́ bá sì mọ́, kí wọ́n tẹ̀ síwájú; èmi àti Alhaja yóò wà ní ìdí ère yẹn. Ìbéèrè tí ó kù ni èyí: bí ó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni a lè lọ lẹ́yìn èyí, ṣé erékùṣù Clare Island ni tàbí Achill? Ṣé físà Schengen, físà kan fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tí ọkọ mi ti ní tẹ́lẹ̀ sì tó fún un?

Agunkè (Kubwa, Àbújá):

Físà Schengen kò tó, nítorí Írẹ́lándì kò sí nínú Schengen. Físà Írẹ́lándì fúnra rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ní páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba wọn wà ní Àbújá níbí, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, nítorí ìwé ìkésíni tí àbúrò yín yóò kọ àti ẹ̀rí pé ẹ ó padà sílé máa ń gba àkókò láti kó jọ.

Bàbá Plateau (Jos):

Achill ni kí ẹ lọ. Clare Island dára, ilé olódi Gráinne sì wà ní etí èbúté rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ dé èbúté Roonagh lẹ́yìn Louisburgh, ẹ ó sì fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú wọ ọkọ̀ lójú òkun gbalasa, kì í ṣe inú Clew Bay tí ó dákẹ́. Àtẹ̀gùn tí ènìyàn ń gbà sọ̀ ní èbúté náà lè máa yọ̀ nítorí omi, ọkọ̀ sì máa ń mì nígbà tí ènìyàn bá ń wọ̀ ọ́, n kò sì fẹ́ kí orúnkún Alhaja dán ìyẹn wò. Bí ìgbì bá ga, ọkọ̀ lè má tilẹ̀ gbéra.

Afárá ni wọ́n fi so Achill mọ́ ilẹ̀, bọ́ọ̀sì sì ń ti Westport lọ síbẹ̀. Ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì tí ó kẹ́yìn kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí wọn kò pọ̀. Ẹ sọ̀ ní Keel, níbi tí iyanrìn etíkun ti gùn tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé bí a ṣe ń fi pátákó gun ìgbì. Láti ibẹ̀, ẹ pe tasí lọ sí Keem ní ìpẹ̀kun erékùṣù náà. Ọ̀nà ibẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, etíkun náà sì wà nísàlẹ̀ láàárín òkè méjì, omi rẹ̀ mọ́ gaara. Nígbà kan rí, wọ́n ń pa ṣáákì ńlá tí ń là ẹnu sẹ́ oúnjẹ kéékèèké nínú omi níbẹ̀, nítorí òróró ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í bu ènìyàn jẹ, òfin Írẹ́lándì sì ti ń dáàbò bò ó láti ọdún 2022. Bí ẹ bá rí lẹbẹ́ dúdú tí ń rọra lọ lójú omi, ẹ pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá wò ó láti orí ilẹ̀.

Omi náà tutù gan-an, ní oṣù Kẹjọ pàápàá. Kí àwọn ọmọ wọ aṣọ rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́, tí àwọn olùkọ́ ìgbì ní Keel máa ń fi yáni, kí wọ́n sì wọ omi ní àárín àwọn àsíá pupa-àti-yẹ́lò nìkan, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Níbi tí àsíá kò bá sí, kí wọ́n ṣeré wọn lórí iyanrìn.